Kóró Kajú Kan

Wọ́n ní ojú ọ̀run tẹ́yẹ í fò láì fara kanra.
Ẹni tó pa á lówe kò gun ọ̀nà Takíé rí
ní Ògbómọ̀ṣọ́ wa níbí, láàárọ̀ Mọ́ńdè,
nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá pẹ́ sí ìdánwò,
tí ihò tí òjò gbẹ́ lọ́dún èṣí
sì lanu sílẹ̀ láàárín títì bí ẹni tó ń yán.

Èmi Múfútàú, ọmọ Ìjẹrù, ọlọ́kadà ni mí.
Bàjáájì mi pupa, gbèsè rẹ̀ ku oṣù mẹ́rin.
Gbèsè ló ń gùn mí tí mo fi ń gun alùpùpù.
Bí mo bá fọn fèrè, mo fẹ́ kí ayé yà.
Ayé sì máa ń yà: ewúrẹ́ á yà,
ọmọ iléèwé á yà. Tírélà nìkan ni kì í yà,
èmi ni mo máa ń yà fún un.
Bẹ́ẹ̀ la ṣe pín ọ̀nà náà:
ẹni tó tóbi mú ọ̀dà, ẹni tó kéré mú iyanrìn.

Bàbá Gbọ́lágadé ló mú iyanrìn.
Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúdú, Ràlé àtijọ́,
rọ́bà táyà ló fi so àpò kajú mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀.
Ẹsẹ̀ kan á lọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ kan á gòkè,
bí ẹni tó ń gúnyán fún àlejò tí kò kánjú.
Agogo rẹ̀ kì í pariwo: kírín, ẹ̀ẹ̀kan péré,
bí ẹni tó wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé.

N kò ní parọ́: ọ̀dọ̀ Bàbá yìí ni mo ti kọ́
bí a ṣe ń gun ohun ẹlẹ́sẹ̀ méjì.
Náírà mẹ́wàá ló ń gbà háyà kẹ̀kẹ́ fún wa nígbà náà,
láti ìdí máńgòrò dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ká yí padà.
Mo ṣubú sí gọ́tà. Mo ṣubú sórí ata tí wọ́n sá.
Bàbá ní, "Má wo táyà. Ibi tó ò ń lọ ni kó o wò."
Mo ti ń wo ibi tí mò ń lọ láti ìgbà náà,
mo wò ó títí n kò fi rí Bàbá mọ́.

Ọjọ́bọ̀ kan ni, nísàlẹ̀ Arówómọlé.
Bàbá rí ihò, ó yà sórí ọ̀dà.
Mo fọn fèrè. Kò yà. Níbo ni kó yà sí?
Ìgbẹ́sẹ̀lé mi kọ́ àpò. Mo gbọ́ ọ: fàá!
Kajú tú sí títì bí òjò àkọ́rọ̀ lórí páànù.

"Má dúró o," lobìnrin ẹ̀yìn mi wí. "Wọ́n á gbowó lọ́wọ́ ẹ."
N kò dúró.
Nínú dígí mi, Bàbá ń kéré sí i.
Ó rọra tẹ́ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ bí ẹní tẹ́ ọmọ tó sùn,
ó kúnlẹ̀ láàárín títì, ó ń ṣà á,
àwọn ẹgbẹ́ mi sì ń fọn fèrè mọ́ ọn lórí.

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lobìnrin náà san. Ó bèèrè ṣéńjì.
Nígbà tí mo padà débẹ̀, kò sẹ́nìkan.
Oje èyí tí táyà tẹ̀ nìkan ló kù, dúdú lórí dúdú.

Lálẹ́, mo ń fọ alùpùpù,
kóró kan há sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì,
ó ká bí ọmọ inú ọlẹ̀.
Ó wà lápò mi dòní. N kò tíì mú un lọ.
Kí ni n óò wí? Pé ẹ gbà, ó ku ẹyọ kan?

Àmọ́ bí mo bá gbọ́ kírín báyìí, mo máa ń tẹ búréèkì.
Èrò ẹ̀yìn mi á pòṣé: "Ṣé kẹ̀kẹ́ lásán lò ń tẹ̀lé?"
N kì í dáhùn. Mo fi ọ̀dà sílẹ̀, mo bọ́ sí iyanrìn.
Táyà mi á máa yọ̀, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n,
mo ti gbàgbé bí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ṣe ń rí.
Bàbá kì í bojú wẹ̀yìn.
Ibi tó ń lọ ló ń wò.